Ogún Ẹní Kí Fusi Má Baà Lọ

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrin oṣù keje

Ẹ̀gbọ́n Lupe wá lónìí, kò sì jókòó kó tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó ti fi orúkọ Fusi ọmọ mi sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń kó èèyàn lọ ká èso àjàrà ní Australia. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá ni ọkọ̀ òfurufú máa gbé e. Kò bi mí. Kí ló fẹ́ bi mí fún? Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí ọmọ náà sì ju tèmi tí mo bí i lọ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní erékùṣù wa yìí nìyẹn, mi ò sì ní ẹnu tí màá fi sọ pé kó má rí bẹ́ẹ̀.

Mo kàn ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rántí pé oṣù méje ni Maka náà sọ."

Maka ni ọkọ mi, àbúrò rẹ̀. Ọdún karùn-ún rèé tó ti lọ fún oṣù méje.

Ó ní, "Maka lọ́tọ̀, Fusi lọ́tọ̀. Kí lọmọ yìí á máa jẹ níbí? Ewé?"

Fusi wà nílẹ̀ níbẹ̀, ó ń la ewé ẹní sí wẹ́wẹ́. Ó ní, "Àǹtí, tá a bá rí ogún èèyàn tó fẹ́ ra ẹní wa kí oṣù kẹsàn-án tó parí ńkọ́?"

"Ogún kẹ̀! Ta ló ra méjì lọ́dún tó kọjá?"

"Ẹ ṣáà dá mi lóhùn, Àǹtí."

Ìyá Vasiti, ìyá ọkọ mi, tí kì í dá sọ́rọ̀ bí kò bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹní, gbórí sókè. Ó ní, "Lupe, dá ọmọ lóhùn." Lupe bá ní ó dáa: ogún, àbí kó máa lọ.

Lẹ́yìn tó lọ, mo jáde lọ ra ìwé yìí. Bí mi ò bá rí nǹkan fọwọ́ ṣe, màá kàn máa sunkún káàkiri ilé ni.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹfà

Fusi ṣàlàyé ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Àwọn òyìnbó tó ń wá wo ẹja àbùùbùtán ní àsìkò yìí máa ń dúró níwájú wa lọ́jà Neiafu, wọ́n á fọwọ́ pa ẹní, wọ́n á ní ó dára, wọ́n á ní báàgì àwọn ti kún. Wọ́n bá lọ, ó di gbére. "Ohun tó yẹ ká gbà lọ́wọ́ wọn ni àdírẹ́sì ímeèlì wọn, Màmá. Tí wọ́n bá ti délé, a ó máa kọ̀wé sí wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí wọ́n á fi mọ̀ wá ju ìyá tó bí wọn lọ."

"Kí ni ìyá wọn ṣe?" ni Ìyá Vasiti bi í. A rẹ́rìn-ín títí.

A dúró ní èbúté pẹ̀lú ìwé àti bírò láti àárọ̀. Atẹ́gùn láti gúúsù, òtútù mú wa. Èèyàn mọ́kàndínlógún ló kọ orúkọ. Àwọn kan ń kọ̀wé bí adìẹ tó ń tan ilẹ̀, a ò mọ èwo ni "a", èwo ni "o".

Ọkùnrin kan tó ni ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ àlejò ní òun á fún wa ní àdírẹ́sì ọ̀ọ́dúnrún èèyàn tó ti wọ ọkọ̀ òun rí, lọ́fẹ̀ẹ́. Inú mi ti dùn. Fusi dúpẹ́, ó kọ̀. Ó ní wọn ò fún wa láṣẹ láti kọ̀wé sí wọn, pé ẹni tí kò pè wá á kàn kà wá mọ́ àwọn oníjìbìtì ni. Mo pè é ní olódo. Ọmọ yìí ń da ọ̀ọ́dúnrún èèyàn nù bí omi ìfọwọ́, ogún ló sì ń wá!

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlógún

Lẹ́tà àkọ́kọ́ lọ lónìí, sí èèyàn mọ́kànlélógójì. Èmi ni mo sọ ọ́, Fusi sì kọ ọ́ ní èdè òyìnbó. Mo bẹ̀rẹ̀ bó ṣe yẹ kí ọmọlúwàbí bẹ̀rẹ̀: mo kí Ọlọ́run, mo kí ọba, mo kí àwọn ìjòyè àti àwọn àlùfáà, mo kí àwọn àgbà inú ìdílé ẹni tó ń kà á, mo tọrọ àyè láàárín wọn kí n tó la ẹnu. Mo gbà pé ó dùn. Ìyá Vasiti ní òun gan-an ìbá wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì kí òun tó ka irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkàndínlógún

Ẹ̀rọ tí Fusi ń lò máa ń sọ iye ẹni tó ṣí lẹ́tà. Mẹ́fà.

Ó fi fóònù rẹ̀ hàn mí. Àkọlé àti ìlà àkọ́kọ́ nìkan lèèyàn ń rí kó tó pinnu bóyá òun á ṣí i. Ìkíni ni gbogbo wọn rí. Mo ní bí wọ́n bá ní sùúrù, ìjòyè mélòó náà ni mo kí? Ó lọ bu omi.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ

Mo gé ìkíni kúrú, ó dùn mí bí ẹni gé irun orí mi. Mo sọ̀rọ̀ ẹní gan-an lọ́tẹ̀ yìí. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ má bínú, ẹní wa kò tó nǹkan, ọwọ́ wa kò mọ iṣẹ́, a kàn ní ká gbé èyí tó wà síwájú wọn ni pẹ̀lú ìtìjú.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹta

Ìdáhùn dé, ẹyọ kan, láti ọ̀dọ̀ ìyá àgbà kan ní Dunedin tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Rosalind. Fusi kà á fún mi: "Ó dùn mí láti gbọ́ pé ẹní yín kò dára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé sí mi nígbà tó bá dára díẹ̀."

Fusi rẹ́rìn-ín títí ó fi wó lulẹ̀ sórí ẹní. Ojú tì mí, inú sì bí mi. Ta ló ń yin ọjà ara rẹ̀ lójú àlejò? Ẹni tó bá gbé odidi ẹlẹ́dẹ̀ sísun kalẹ̀ fún àlejò níbí, á ṣì tọrọ àforíjì pé kò sóúnjẹ nílé. Ẹni tó ń jẹ ẹ́ náà mọ̀ pé irọ́ ni.

"Ṣé kí n wá máa fọ́nnu ni?"

"Ẹ má fọ́nnu, Màmá. Ẹ ṣáà sọ ohun tẹ́ ẹ ṣe lọ́jọ́ náà. Kẹ́ ẹ sọ ọ́ bí ẹni ń bá ẹnì kan ṣoṣo sọ̀rọ̀."

"Ta ni kí n bá sọ̀rọ̀? Mi ò mọ wọn."

"Ẹ máa bá èmi sọ ọ́."

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹwàá

Òjò. Ewé kò gbẹ. Búrẹ́dì tún ti gbówó lórí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

A ri ewé sínú òkun lónìí kó lè funfun. Ìyá Vasiti wọnú omi dé orúnkún fúnra rẹ̀, ó ń kó òkúta lé ìdì ewé kí ìgbì má baà gbé e lọ. Mo ní kó fi sílẹ̀ fún wa. Ó ní, "Ìyàwó, ìwọ ń dì í bí ẹni ń di ẹrù ẹni ẹlẹ́ni." Èyí ni mo sọ fún Fusi kó kọ: omi tó tutù, òkúta, ohun tí ìyá ọkọ mi sọ, àti pé ọjọ́ mẹ́wàá la máa fi dúró. Mi ò tiẹ̀ dárúkọ pé à ń tà. Fusi ló fi ìlà kan sísàlẹ̀: ẹni tó bá fẹ́ ẹní kó dáhùn. Àkọlé rẹ̀: "A ti ri ewé sínú òkun."

A ti ní àdírẹ́sì mẹ́tàléláàádọ́rin báyìí.

Àìkú, ọjọ́ kejìdínlógún

Láti àná ni fóònù ti ń dún lábẹ́ ìrọ̀rí, ìdáhùn lórí ìdáhùn. Mo wo Fusi, Fusi wò mí. A lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọjọ́ Àìkú kì í ṣe ọjọ́ ọjà, ìbáà jẹ́ ọjà inú fóònù. Ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ ìwàásù o, kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Ajé, ọjọ́ kọkàndínlógún

Àádọ́ta èèyàn ló ṣí i. Mẹ́rin fẹ́ ẹní. Rosalind fẹ́ méjì! Ó ní òun kò mọ̀ pé ẹní tó ń wọ inú òkun kọ́kọ́ ni. Fusi fò sókè, ó dì mọ́ ìyá àgbà rẹ̀, ìyẹn ń pariwo pé, "Fi ẹ̀yìn mi sílẹ̀, ọmọ yìí, ó ti gbó!"

Ẹní méjìlélógún ló wà nínú yàrá ẹ̀yìn, tí àwa mẹ́ta hun láti ọdún tó kọjá. Ẹní wà ńlẹ̀. Ẹni tó máa rà á nìkan là ń wá. Tí ogún bá pé la ó kó gbogbo wọn sínú ọkọ̀ ojú omi lẹ́ẹ̀kan náà, kí àwọn èèyàn tó sanwó.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Mọ́kànlá ti pé. Mo sọ̀rọ̀ nípa ìbínú mi lọ́sẹ̀ yìí, pé mo tú apá kan ẹní lẹ́ẹ̀mẹta nítorí ìlà kan tó wọ́. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Mi ò mọ̀ pé èèyàn lè fi ìbínú tajà.

Ìyá Vasiti ń wúkọ́. Ó bi mí pé àwọn wo ló ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ òun yìí. Mo ní àwọn èèyàn ọ̀nà jíjìn ni. Ó ní, "Bá mi kí wọn. Sọ fún wọn pé kí wọ́n má ká ẹní nígbà tó bá tutù."

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹsàn-án

Mẹ́rìnlá. Ikọ́ Ìyá Vasiti kò lọ. Nọ́ọ̀sì wá, ó fún un lóògùn, ó ní kó sinmi. Ìyá ṣì ń hun ẹní lórí ìjókòó.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlógún

OGÚN!

Tọkọtaya kan ní Auckland ló sọ ọ́ di ogún. Fusi ké, mo ké, ajá sá wọ abẹ́ ilé. Ẹ̀gbọ́n Lupe wá nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ kókò, ó ní kí Fusi ka orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń fi ìka kà á. Nígbà tó pé, ó pòṣé, ó ní, "Ó dáa. Mo gbà. Màá lọ sọ fún wọn kí wọ́n fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíì." Ó wá dojú kọ mí: "Kosita, ìwọ tí o kì í lè tajà!" Ó rẹ́rìn-ín, mo sì rí i pé inú rẹ̀ dùn. Òun náà kò fẹ́ kó lọ tẹ́lẹ̀. Ebi ló ń bà á lẹ́rù fún wa.

Mo sùn lónìí bí ọmọ tuntun.

Ọjọ́ Ẹtì, ogúnjọ́

Ìyá Vasiti kú ní àfẹ̀mọ́jú.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Mi ò lè kọ̀wé látìgbà náà. Ọwọ́ mi kún fún èéfín àti òórùn ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀.

Ẹ̀yìn ilé ni ipò ìyàwó ilé, níbi ààrò. Mo ró ẹní ńlá tó ti gbó mọ́ra, bí ọlọ́fọ̀ ṣe ń ṣe níbí, ó bò mí títí dé etí, mo sì ń dáná fún gbogbo ayé. Mi ò sún mọ́ òkú rẹ̀. Èmi tí mo bá a jókòó lórí ẹní kan náà fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, orin tí wọ́n ń kọ fún un nìkan ni mo ń gbọ́ láti ẹ̀yìn ilé. Maka wò ó lórí fóònù láti Australia. Wọ́n ní ó sunkún. Kí ó máa sunkún.

Lọ́jọ́ kejì ni Ẹ̀gbọ́n Lupe wá bá mi níbi ààrò. Ojú rẹ̀ ti wú. Kò pariwo, kò pàṣẹ. Ó ní, "Kosita, kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀yìn dà?"

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo ríran kedere lọ́jọ́ náà. Mo mọ ohun tó fẹ́ kọ́kọ́rọ́ fún, mo sì mọ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ náà máa gbé lọ. Àwọn ará ilé bàbá Ìyá Vasiti ti dé láti erékùṣù gbogbo, àwọn tí ẹní tọ́ sí ti jókòó níbi orí òkú. Ṣé ìyá tó fi gbogbo ayé rẹ̀ hun ẹní ló máa wọlẹ̀ láìsí ẹní lábẹ́ rẹ̀, láìsí ẹní tí a gbé síwájú àwọn èèyàn rẹ̀? Kí n wá sọ pé ìyá àgbà kan ní Dunedin ti ní òun fẹ́ méjì?

Mo tú kọ́kọ́rọ́ kúrò létí aṣọ mi, mo fún un. Ẹnikẹ́ni kò fipá mú mi. Bí wọ́n bá tún bi mí lọ́la, màá tún fún wọn. Ó sì dùn mí wọ egungun.

Fusi wà lára àwọn tó kó wọn jáde, méjìlélógún, méjì méjì. Nígbà tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kò wò mí.

Ọgbọ̀njọ́

Fusi kọ̀wé sí àwọn ogún náà. Mo ní kó parọ́ díẹ̀, kó ní ọkọ̀ ojú omi ló pẹ́. Ó kọ̀. Ó sọ bó ṣe rí: ìyá tó ri ewé sínú òkun ti lọ, gbogbo ẹní wa ti bá a lọ, a ó hun òmíràn, ó lè di oṣù kẹrin ọdún tó ń bọ̀. Ẹni tó bá lè dúró, kó dúró. Ẹni tí kò bá lè dúró, a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹta oṣù kẹwàá

Gbogbo wọn dáhùn. Wọ́n bá wa kẹ́dùn dáadáa. Kò sí ẹni tó bú wa. Mọ́kànlá kò lè dúró, ẹ̀bùn Kérésì ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Mẹ́sàn-án máa dúró, Rosalind wà lára wọn.

Ẹ̀gbọ́n Lupe jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń wo òkun. Mo rò pé ó máa sọ pé mẹ́sàn-án kì í ṣe ogún. Kò sọ ọ́. Fusi ló sọ ọ́.

"Àǹtí, wọ́n ti fi àyè mi fún ẹlòmíì?"

"Mi ò tíì lọ sọ fún wọn. Ìyá wa ló kú."

"Ẹ má wulẹ̀ lọ mọ́."

Mo ní, "Fusi, mẹ́sàn-án ṣì wà! Àwa méjèèjì lè hun mẹ́sàn-án!"

"Màmá, kí la máa jẹ títí di oṣù kẹrin? Mo bá Àǹtí ṣe àdéhùn. Ogún la jọ sọ."

Lupe bú sẹ́kún, ó fi ẹní tó ró bojú. Mi ò tíì rí i kó sunkún bẹ́ẹ̀ rí, kódà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè.

Ajé, ọjọ́ kẹrìnlá

Ó lọ. Ó wọ aṣọ dúdú ọ̀fọ̀, ó ró ẹní kékeré mọ́dìí, báàgì rẹ̀ fúyẹ́ jù. Kó tó lọ, ó kọ́ mi bí a ṣe ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ lọ́dọ̀ oníkọ̀ǹpútà ní Neiafu, ó kọ ọ́ sínú ìwé fún mi bí ẹni kọ́ ọmọdé: tẹ ibí, dúró, tẹ ibí. Ó ní, "Ọjọ́bọ̀ ọjọ́bọ̀ o, Màmá. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbàgbé wa."

"Oṣù mélòó lo ní?"

"Oṣù méje."

Mo kàn ń tún ọrùn aṣọ rẹ̀ ṣe, bẹ́ẹ̀ ni nǹkan kan kò ṣe é.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Ìka kan ni mo fi tẹ̀ ẹ́, wákàtí méjì gbáko. Èdè òyìnbó mi rọ lẹ́sẹ̀. Mo kọ ọ́ pé àyè ìjókòó mẹ́ta ni ilé wa ní tẹ́lẹ̀, pé ọ̀kan ṣoṣo ló kù tí èèyàn ń jókòó sí, pé tí mo bá la ewé mo ṣì ń nawọ́ rẹ̀ sí ọ̀tún kí ẹnì kan gbà á. Mo bá Fusi sọ ọ́, gẹ́gẹ́ bó ṣe ní kí n ṣe.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ keje oṣù kọkànlá

Irú èyí kò ṣẹlẹ̀ rí. Nínú èèyàn mọ́kàndínlọ́gọ́fà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ló ṣí lẹ́tà ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mẹ́tàlá tuntun fẹ́ ẹní, wọ́n ní àwọn á dúró, ìbáà di ọdún kan. Mẹ́sàn-án àti mẹ́tàlá. Mo ṣe é lórí ìka, mo tún ṣe é. Ó ju ogún lọ.

Mi ò mọ ibi tí màá gbé ìròyìn náà sí. Mo sọ ọ́ fún ajá.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹsàn-án

Fusi pè. Ohùn rẹ̀ ti rẹ̀. Wọ́n ń jí láago mẹ́rin, ẹ̀yìn ń dùn ún, àwọn ọmọ erékùṣù wa Vavaʻu mẹ́fà ló wà nínú yàrá kan, wọ́n ń kọrin. Mo sọ fún un nípa àwọn mẹ́tàlá. Ó yọ̀, ó yọ̀ tọkàntọkàn.

"Màmá, mo fẹ́ bẹ̀ yín nǹkan kan."

"Sọ ọ́, ọmọ mi."

"Ẹ yọ orúkọ mi kúrò nínú àwọn tẹ́ ẹ ń kọ̀wé sí."

Mo rò pé fóònù ló ń ṣe kótokòto. Ó tún un sọ. Ó ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán lọ́jọ́bọ̀ ni lẹ́tà mi máa ń dé bá òun nínú oko. Tí òun bá ti ka ìlà kan, ọwọ́ òun kì í lè ṣiṣẹ́ mọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọ̀gá ti bá òun wí lẹ́ẹ̀mejì.

"Mi ò ní kọ nípa ilé mọ́. Màá máa kọ nípa ewé."

"Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o! Ohun tí wọ́n ń rà nìyẹn. Ẹ ti mọ̀ ọ́n kọ jù, Màmá. Èmi ni mi ò lè kà á."

Ó rẹ́rìn-ín kó má baà sunkún, èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo rántí pé ìlà kékeré kan wà nísàlẹ̀ lẹ́tà tí ẹni tí kò bá fẹ́ wa mọ́ lè tẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tí kò tẹ̀ ẹ́.

"Mo ti gbìyànjú ẹ̀. Ọwọ́ mi ò lọ síbẹ̀. Ẹ dákun, ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́."

Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Neiafu kí oníkọ̀ǹpútà tó tilẹ̀kùn. Orúkọ rẹ̀ ló ṣáájú gbogbo orúkọ, nítorí ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ fi dán ẹ̀rọ náà wò ní oṣù keje. Mo tẹ ibi tó yẹ. Ẹ̀rọ bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo jókòó níwájú rẹ̀ títí oníkọ̀ǹpútà fi bi mí pé, "Màmá, ṣé iná ti lọ ni?"

Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ó ku méjìdínlọ́gọ́fà. Ẹ̀rọ wá kọ ọ́ síwájú mi pé èmi kò lè dá orúkọ yẹn padà mọ́, àfi bí ẹni tó ni ín fúnra rẹ̀ bá béèrè.